Ahá Tí A Kì Í Dúpẹ́ Fún

Omi òjò ń kán tótó létí aṣọ Rosaura Ledesma, olùkọ́ tuntun, nígbà tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá àwọn olùkọ́. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ó gbé èkejì dání bí ẹni gbé òkú adìẹ. Ó wo gbogbo wọn yíká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní omi gbígbóná níbí? Bó tilẹ̀ jẹ́ Èṣù ló ni ín, màá mu."

Evaristo Tolosa, olùkọ́ ìṣirò, ló ni ín. Òun ló ń bu máté láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ahá kékeré kan ni wọ́n fi ń mu omi ewé yìí, ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀, irin tín-ín-rín tí a fi ń fà á mu sì dúró láàárín ewé. Ẹnì kan ní í bu omi sí i, tí á máa gbé e fún àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mu tán á dá ahá padà láìsọ nǹkan kan, kó lè tún kàn án. Bó bá fi lè ní "ẹ ṣé" pẹ́nrẹ́n, ó ti yó nìyẹn, wọn kò ní í bù fún un mọ́. Ọmọdé Buenos Aires tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ èyí.

Rosaura fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fajú ro. "Ó korò bí ìyà! Ṣé kò sí ṣúgà nílé ìwé yìí ni?"

"Ṣúgà kẹ̀?" Evaristo ní. "Nínú máté? Ìlú wo lo ti wá, arábìnrin?"

"Santiago del Estero."

"Háà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Àwa náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn, kí lẹ rí gbà níbẹ̀? Ojú yín ti wú bí búrẹ́dì."

Àwọn olùkọ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Rosaura mu ahá kíkorò náà tán, ó dá a padà, kò dúpẹ́. Evaristo tún bù, ó tún mu, ó tún fajú ro. Nígbà tí aago wíwọlé fi máa dún, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nídìí ahá, omi ti tán nínú fíláàsì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Mo ti gbé àdúgbò ilé ìwé náà, Parque Patricios, pẹ́ tó láti mọ̀ pé ọkùnrin ibẹ̀ kì í fi omi gbígbóná ṣòfò lásán.

Kí oṣù Karùn-ún tó wọlé, gbogbo ilé ìwé ti gbọ́. Wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ, kí ọ̀nà lè gùn. Evaristo ń pè é ní "Tẹ́ẹ́rẹ́ mi." Rosaura ń pe Evaristo ní "Ọ̀gá Ìṣirò," ó sì máa ń ní kó bá òun ṣírò iye ìgbà tó ti fẹnu kò òun lẹ́nu, torí òun rò pé ó jẹ òun ní díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá Evaristo, Doña Haydée, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà. Opó ni. Ó ti fi ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwé kíkà, ó sì ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí Rosaura kọ́kọ́ wá jẹun nílé rẹ̀, ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ravioli, ìyẹ̀fun tí a fi ẹran sínú, ó bu ti àlejò ju ti ọmọ rẹ̀ lọ.

"Jẹun, ọmọ mi. Ìyàwó tó rù báyìí, àwọn ará ibí á ní mo ń febi pa á."

Ìyàwó! Wáìnì gba ọ̀nà òdì lọ́fun Evaristo. Rosaura ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lábẹ́ tábìlì ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì Rosaura, Ariel Montenegro lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó o. Ariel ní òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í ṣe obìnrin, kí wọ́n má fi ìkankan pe òun. Àwa tí "ó" kan ṣoṣo tó fún ọba, fún ayaba àti fún ewúrẹ́, a lè má mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ní èdè Sípéènì, orúkọ oyè àti iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní ti akọ àti ti abo. Àwọn ọ̀dọ́ wá mú ọ̀nà kẹta wá, tí kì í ṣe ti akọ tàbí ti abo, Rosaura sì ń fi pe Ariel. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ bí. Èdè wa kò bi mí, èmi náà kò ní í sọ.

Nígbà tó yá, àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú pé olùkọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà kẹta náà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Doña Haydée pe gbogbo olùkọ́ jọ, ó kà á sí wọn létí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé wọn dé ìdí oúnjẹ.

"Ọmọ náà ló ní ká pe òun bẹ́ẹ̀, mà," Rosaura ní. "Kí ló bà jẹ́ níbẹ̀?"

Doña Haydée gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. "Àwọn kan wà ní kíláàsì rẹ tí wọn ò lè ka ìwé ìròyìn já. Mo mọ̀ wọ́n, èmi ni mo kọ́ ìyá wọn. Ẹ ò tíì fi èdè tó wà nílẹ̀ kọ́ wọn tán, ẹ tún fẹ́ ṣe tuntun lé e."

"Ariel mọ̀wé kà, mà. Òun ló mọ̀ ọ́n kà jù."

"Ó dáa, kó ka àṣẹ náà."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Evaristo. Evaristo bi wọ́n pé ta ló fẹ́ wàràkàṣì sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àsíá. Ní ilẹ̀ wọn, ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga jù nílé ìwé ní í gbé àsíá lọ́jọ́ ayẹyẹ òmìnira. A kì í ra oyè náà, a kì í jogún rẹ̀, àwọn ìyá àgbà a sì máa wọ bọ́ọ̀sì láti ìpẹ̀kun ìlú wá wò ó. Lọ́dún náà, Ariel ló kàn. Rosaura ni yóò dúró nídìí gbohùngbohùn láti pe oyè náà àti orúkọ ọmọ.

"Ariel ló máa gbé e," Doña Haydée sọ níwájú gbogbo olùkọ́. "Mi ò ní í rẹ́ ọmọ tó ṣiṣẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ ṣe wí lo máa pè é, Rosaura. Mo ti kìlọ̀ o."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, Rosaura àti Evaristo jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ìtura, fíláàsì wà láàárín wọn.

"Ariel wá bá mi," Rosaura ní. "Ó ní bí n bá máa pe òun ní ẹni tí òun kì í ṣe lójú gbogbo ayé, kí n kúkú gbé àsíá fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ mi nìyí, Evaristo. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn. Kí ni kí n ṣe?"

Evaristo wo ojú rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́kàn pátápátá. "Pè é bó ṣe fẹ́. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

"Lójú màmá rẹ?"

"Lójú ẹnikẹ́ni."

Kò purọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu olólùfẹ́ a máa yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣokoléètì gbígbóná tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ ń rú èéfín nínú ìkòkò ńlá. Rosaura pe oyè náà bí Ariel ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàtẹ́wọ́, àwọn òbí kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ẹ̀gàn. Ariel wọlé, ó gbé orí sókè, àsíá ga lórí rẹ̀, ọ̀já tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọkùnrin kan dìde láàárín àwọn òbí. Kò pariwo rárá. Bàbá Ariel ni. Ó rìn dé iwájú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bọ́ ọ," ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀já náà gba orí ọmọ jáde. Ariel kò fi ọ̀pá àsíá sílẹ̀. Wọ́n fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú gbogbo wa, títí àsíá fi balẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìgbà náà ni ọmọ náà jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Kò padà wá mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ara ìkọ́ ní kíláàsì ni jákẹ́ẹ̀tì náà wà ní gbogbo àsìkò òtútù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ dé. Doña Haydée kò sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

"Bí wọ́n bá ní mi ò kìlọ̀ fún un, èmi ni wọ́n máa lé, lẹ́nu ọ̀nà ìfẹ̀yìntì," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní kó o purọ́. Ṣé mo kìlọ̀ àbí mi ò kìlọ̀?"

"Ẹ kìlọ̀, Mama."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn alábẹ̀wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Rosaura, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò mẹ́nu ba bẹ́ǹṣì inú ọgbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Àbọ̀ ti Evaristo kò di odidi níbì kankan. Wọ́n lé Rosaura lẹ́nu iṣẹ́.

Rosaura wá sílé Evaristo lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un. Evaristo ti gbé omi kaná, kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Ó bu máté, ó gbé e fún un. Rosaura mu ún tán pátápátá.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Pé Mama kìlọ̀ fún ẹ. Ṣé irọ́ ni, Tẹ́ẹ́rẹ́ mi?"

"Kì í ṣe irọ́. Kí lo sọ fún èmi lórí bẹ́ǹṣì?"

Rosaura na ahá náà sí i.

"O ṣé," ó ní.

Àkọ́kọ́ rèé tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí máté. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Evaristo jókòó síbẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ ń bu ravioli, ó fẹ́ bu ti ẹni mẹ́ta, ó rántí, ó dá ṣíbí dúró. "Wàá rí ẹlòmíràn," ó ní. Jákẹ́ẹ̀tì orí ìkọ́ ni Evaristo ń rò. Bó bá ti yíjú kúrò lára pátákó ìkọ̀wé, òun ló ń rí.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ó mú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó bèèrè títí ó fi gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àǹtí kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní àdúgbò Pompeya ni Ariel ń gbé, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ó débẹ̀. Lẹ́yìn àpò àlùbọ́sà, Ariel jókòó lórí àpótí, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í, tó ń kọ́ ọ, Rosaura ni.

Ariel ló kọ́kọ́ rí i. "Tíṣà," ó sọ fún Rosaura, "ẹ jẹ́ kí n wọn ọ̀dùnkún fún bọ̀dá yìí, kí wọ́n máa lọ."

Evaristo na jákẹ́ẹ̀tì sí i. Ariel wọ̀ ọ́ wò. Apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́ mọ́. Rosaura kò gbé ojú sókè rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Evaristo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ó ní òun fẹ́ parí ọ̀rọ̀ tí òun sọ kù. "Èmi ni mo ní kó ṣe é. Mo ní mo wà lẹ́yìn rẹ̀."

Alábẹ̀wò náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Tolosa, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi ara yín ṣe?"

"Mo mọ̀."

Wọn kò dá Rosaura padà o. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Wọ́n lé Evaristo náà ni, wọ́n sì ní inú ilé ọ̀gá àgbà gan-an ni wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ àṣẹ. Doña Haydée fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kò sí àríyá, kò sí ọmọ tó kọrin ó dàbọ̀ fún un. Evaristo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Lọ bá ẹni tó o yàn."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mo yàn, mà."

"A kì í yan méjì." Ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Evaristo padà sí Pompeya pẹ̀lú fíláàsì lọ́wọ́. Bí Ariel ti rí ojú rẹ̀, ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ ń to tòmátì síwájú ìsọ̀. Evaristo jókòó sórí àpótí tí ọmọ náà fi sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Rosaura.

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbà á."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi."

Rosaura fọwọ́ bo ojú. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ó nu ojú, ó ní, "Ariel ò ní í padà sílé ìwé náà mọ́. Níbòmíràn ló ti fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo lè kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan àfi ìṣirò."

"Mo gbọ́."

Evaristo yọ ahá jáde. Ó mú ìdì ṣúgà kékeré kan látinú àpò, ó da díẹ̀ sórí ewé, òun tó ti búra pé òun ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó bu omi sí i, ó gbé e fún un. Rosaura fà á mu díẹ̀díẹ̀ títí irin fi ń dún nínú ewé, ó sì na ahá padà sí i.

Evaristo gbà á. Ó ń dúró de "o ṣé," kò gbọ́ ọ.

"Ṣé kí n máa bù ú títí ayé?" ó bi í.

"Bu èyí ná," Rosaura ní. "Omi ń tutù."