Adìẹ Inú Kànga

Òkú adìẹ ni wọ́n fi korobá fà jáde nínú kànga láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ adìẹ lásán ni, wọn ì bá dà á nù. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ tuntun ni wọ́n fi wé e, aṣọ tí télọ̀ obìnrin ilé náà fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì.

"Ẹyẹ ké lórí òrùlé lánàá, adìẹ kú lónìí," ni ìyá télọ̀ àti káfíńtà wí, ó ń nàka sí télọ̀. "Èyí tó kàn, ọmọ ni! Ìwọ tí o ò bí tìrẹ, ṣé tiwa lo fẹ́ pa jẹ?"

Káfíńtà kò wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀rọ̀ náà dun télọ̀ wọ egungun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo aṣọ náà. Wọ́n ká etí rẹ̀ sábẹ́, wọ́n wé e ṣinṣin, wọ́n sì yọ orí adìẹ síta kó lè rí èémí mí. Orí télọ̀ wú. Ta ló ń pa nǹkan tó tún ń ro ti èémí rẹ̀? Òun tí wọn ò jẹ́ kó gbé ọmọ náà rí, níbo ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé e? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wé ọmọ báyìí nínú ilé yìí. Bí òun bá sì sọ ọ́ níta, orúkọ àjẹ́ á fi òun sílẹ̀, á lọ bá ìyá ọmọ, ìyàwó àbúrò òun. Ó wọlé lọ bá a.

Ìyàwó jókòó létí ibùsùn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú ìyàwó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìwọ lo wé adìẹ yẹn, àbí?"

Ìyàwó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ orí òrùlé ló ní kí n ju ọmọ sí kànga. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo fún un ní adìẹ. Láàárọ̀ yìí, ó ní òun ò yó."

Ẹ̀rù ba télọ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é ju ẹ̀rù lọ. "Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

"Bí mo bá dijú, ẹyẹ á ké. Gbogbo wọn ló ń gbé ọmọ ṣeré. Bó bá ti sunkún, wọ́n á dá a padà fún mi."

Télọ̀ kẹ́yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀. "Gbé e sí mi lẹ́yìn. Bá mi so ó, èmi ò mọ̀ ọ́n so."

Ìyàwó mú ọ̀já lórí ibùsùn, ó sì fà á le.

Bí télọ̀ ṣe jáde síta, ìyá wọn figbe ta. "Àjẹ́ ti gbé ọmọ o!"

"Ó ti gbé e," ni télọ̀ dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Màmá, mẹ́rin lẹ bí. Ta ló bá yín gbé wọn?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni ìyá wọn wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, fi pákó dé kànga yẹn, kàn án ní ìṣó, kí o sì lọ pe nọ́ọ̀sì wá. Àìsàn ló ń ṣe ìyàwó wa, ó sì ní ìwòsàn."

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Télọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò kúrò níbẹ̀. Ẹyẹ kan bà sórí òrùlé, ó ké. Ìyàwó ta gìrì lójú oorun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì wà?"

"Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Sùn."