Ohun Tó Wà Nínú Aago Bàbá Dókítà

Ojú kan ṣoṣo ni dókítà eyín kọ́kọ́ rí, ó sì tóbi bí ọsàn. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbójú sókè láti orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé pé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ṣì wà lójú òun, ó sì ń wo obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá láti àárọ̀.

"Ẹ káàsán o," ni obìnrin náà wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ṣé ojú yẹn lẹ fi ń wo gbogbo oníbàárà ni?"

Ọkùnrin náà sáré yọ awò ojú rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gbá agolo kan dànù. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò nílẹ̀, wọ́n ń ṣa àwọn sukúrúù tí kò tóbi ju ẹyin eèrà lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, eruku ti kun eékún dókítà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, kò sì mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe oníṣẹ́ aago yìí, nítorí kì í fi agbára mú ohunkóhun. Dókítà ní tirẹ̀ fẹ́ràn aago àwọn awakọ̀ òfuurufú ju ẹ̀gbà ọrùn lọ. Méje ló ní nínú àpótí onígi kan, olówó iyebíye sì ni wọ́n: aago gbàǹgbà tí nọ́ńbà ojú wọn hàn ketekete. Àwọn kan nínú wọn ní ojú wẹ́wẹ́ mẹ́ta láàárín ojú ńlá. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ wọn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Kírónógíráàfù ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń pè wọ́n. Mẹ́fà ló fi owó ara rẹ̀ rà. Ìkeje ló mú wá lọ́jọ́ náà.

"Ti bàbá mi ni," ló wí. "Òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún tó fi wa ọkọ̀ òfuurufú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í padà sí òdo mọ́."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí ẹni gbé ọmọ tuntun léni lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣí i. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lójú aago náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yẹpẹrẹ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí dókítà padà wá, ó rọra béèrè pé, "Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Bàbá mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ó ti tún un ṣe dáadáa. Ó kàn gbé e fún un ni.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn aago rẹ̀ yòókù wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó mú ìkẹrin dé, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé e sétí, ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà mi, ara aago yìí le koko. Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ní òun fẹ́ rí ẹ."

"Aago náà ni?"

"Olójú-kan, má yọ mí lẹ́nu jàre."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí màmá dókítà, kò sì bá a lára mu rárá. "Ẹni tó ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju bálùwẹ̀ wa lọ lo fẹ́ fẹ́?"

"Màmá, ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni mo fẹ́ fẹ́."

Oṣù mẹ́jọ ni dókítà àti Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn olùkójọ aago pàdé ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan láti fi ohun tí wọ́n ní han ara wọn. Dókítà gbé ti bàbá rẹ̀ kalẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Àgbàlagbà kan tó mọ aago ju gbogbo wọn lọ tọrọ àyè, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì dé e padà.

"Ọmọ mi, ojú aago yìí dára. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ta lo gbé e fún?"

Dókítà gbé aago náà sínú báàgì rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Ṣé ìwọ lo pààrọ̀ ẹ̀?"

"Rárá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"O mọ̀, o sì dákẹ́? Láti oṣù mẹ́jọ?"

"Mo rí bí o ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè fi ẹnu mi bà á jẹ́ fún ẹ."

"Ohun tí olè náà máa sọ nìyẹn."

Ẹyin lohùn, eléyìí já bọ́, ó sì fọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Mi ò ní ẹlẹ́rìí," ó sì jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Dókítà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń tọ́jú eyín, ó ń padà wálé, oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Ohun tí màmá ń fẹ́ ti bọ́ sí i, síbẹ̀ màmá kò rí oorun sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, kí dókítà tó múra tán, màmá wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọkùnrin yẹn ò jalè," ló wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún bàbá ẹ pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára tó láti wa ọkọ̀ òfuurufú mọ́, ó bọ́ aago yẹn, ó là á mọ́ ògiri. Inú rẹ̀ fọ́ yángá. Nígbà tó sùn, mo ṣà á, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún aago ṣe. Ẹ́ńjìnnì tó rí ló fi sí i. Nígbà tí bàbá ẹ máa jí, ó ń wá a káàkiri bí ọmọdé, mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ní kò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú."

"Màmá! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Nǹkan tó ń múnú ẹ dùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ?" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Nígbà tí mo gbọ́ pé o pè é lólè, inú mi kọ́kọ́ dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Dìde, ká lọ. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, màmá ló kọ́kọ́ wọlé. "Ọmọ mi, má bínú. O rí àṣírí ọkọ mi, o bò ó. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ohun tí o ò jẹ́."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré dìde, ó fa àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó. Ó ti tán."

"Kò tíì tán," ni dókítà wí. Omijé ti bò ó lójú. "Èmi náà ò tíì bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohunkóhun tí o bá rí, sọ ọ́ fún mi, bó bá tiẹ̀ máa dùn mí."

"Láti òní?"

"Láti ìsinsìnyí."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. O wọ bùláòsì ẹ lódì."

Dókítà wo ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọ̀nà tá a gbà wá yìí! Màmá, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i," ni màmá wí láti orí àga. "Mo ní kí n fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa fẹ́ ọ."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo màmá, màmá mirí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá di ọwọ́ dókítà mú.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo wọ aṣọ lódì la gbogbo títì kọjá nítorí ẹ," ni dókítà wí, ó gbé orí lé e láyà. "Kí lo tún ń bi mí?"