Ìbọ̀wọ́ Orí Agbọ̀n Keje

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́. Ó ṣojú mi, mo sì fọwọ́ ara mi kàn án, mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ páìpù omi nílùú yìí. Kò sí àjà ilẹ̀ tí mi ò wọ̀ rí, nínú òkùnkùn, èmi nìkan, mi ò sì bá òkú pàdé níbì kankan. Ohun tí mo rí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, bí mo ṣe rí i gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi ni Taisto. Ogún ọdún la fi jọ ń ju àwo nínú igbó ẹ̀bá adágún, láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwo pẹlẹbẹ oníke ni. A ó jù ú, a ó máa tẹ̀lé e, a ó tún un jù, títí yóò fi kó sínú agbọ̀n irin tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n yí ká. Bó bá wọlé, ẹ̀wọ̀n á dún ṣààn. Agbọ̀n méjìdínlógún ló wà nínú igbó náà. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀lẹ á kó àwo tiwọn pamọ́ di ìgbà oòrùn. Àwa kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ aṣọ wọ̀ ò gbọdọ̀ bá wa jáde. Kóòtù ńlá ò wúlò, kò ní jẹ́ kí apá yí. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn ni, kí èyí tó kan ara jẹ́ irun àgùntàn. Bàtà gbọ́dọ̀ ní ìṣó wẹ́wẹ́ lábẹ́, torí pé bí ẹni tó dàgbà tó wa bá yọ̀ ṣubú, ó dilé ìwòsàn. A máa ń fi téèpù lẹ rìbọ́ọ̀nù gígùn mọ́ abẹ́ àwo, kí ìrù rẹ̀ lè yọ sókè bí àwo bá rì sínú yìnyín. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹyọ kan ni. Ọwọ́ tó ń ju àwo kì í wọ nǹkan kan, inú àpò ló ń gbé títí yóò fi ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kejì ló ń wọ ìbọ̀wọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jù. Ọlọ́wọ́ òsì ni Taisto. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ méjì péré ni Sirkka, ìyàwó rẹ̀, máa ń hun fún àwa méjèèjì lọ́dún: ti òsì fún mi, ti ọ̀tún fún ọkọ rẹ̀. Òwú aláwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú ìlà búlúù kan lọ́rùn ọwọ́. Ó ní òun ò ní fi òwú ṣòfò nítorí bàbá méjì tí orí wọn ò pé tó láti jókòó sílé.

Oṣù kẹfà, nígbà oòrùn, ni Taisto kú. Ó ń kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ́dà, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Oòrùn mú lọ́jọ́ tí a sin ín, gbogbo wa ń làágùn. Kò sẹ́ni tó ronú kan òtútù.

Nígbà tí ilẹ̀ dì ní oṣù kọkànlá, Sirkka bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kàn án. Mo bá a ní kíṣìnì, ẹ̀wù fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lọ́rùn rẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ìyàwó wa, kí ló dé. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti kóòtù ìgbà oòrùn lòun wọ̀ fún un nínú pósí.

"Òtútù ń mú un níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora?"

Mo bá a sọ ọ́ títí. Mo tan ẹ̀rọ náà, ó pa á lẹ́yìn mi. Kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí àga ló ń jókòó mọ́jú. Kó tó di ọdún tuntun, ó ti rù débi pé òrùka ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin ọ̀kan, mi ò fẹ́ sin èkejì.

Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní ọdún, ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìbọ̀wọ́ méjì ló mú wá, tuntun, bó ṣe máa ń hun ún gẹ́lẹ́. Ó ní kí n wọ tèmi, kí n sì gbé ti Taisto sórí agbọ̀n keje, níbi tí a ti máa ń dúró mu kọfí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán.

Èmi nìkan ni mo jáde lọ́jọ́ Àìkú. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Yìnyín tuntun bo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì tẹ̀ ẹ́. Igbó dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ èémí ara mi. Mo dé agbọ̀n keje, mo gbé ìbọ̀wọ́ náà lé e lórí. Ojú tì mí. Mo ní, "Taisto, tìẹ rèé," mo sì kọjá lọ.

Mi ò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀. Ẹ̀wọ̀n dún lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀wọ̀n ṣì ń mì. Ìbọ̀wọ́ ò sí lórí agbọ̀n mọ́. Mo padà, mo wo inú rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ tú yìnyín. Ipa ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ojú ìṣó bàtà tèmi ló sì wà nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi lọ́kùnrin, mo fi agbọ̀n mọ́kànlá tó kù sílẹ̀, mo gbalé lọ.

Sirkka ń dúró dè mí lójú fèrèsé ilé rẹ̀.

"Ó gbà á?"

"Ó gbà á."

Ó mu ọbẹ̀ ẹ̀wà abọ́ kan lọ́jọ́ náà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n tan ẹ̀rọ. Ó ní ọwọ́ kan péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ móoru.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, ó ní òun ń bá mi lọ. Mo ní òtútù á pa á. Ó ní kí n má dá sí i. Aṣọ Taisto ló wọ̀ látòkè délẹ̀: ẹ̀wù mẹ́ta, ṣòkòtò irun àgùntàn, bàtà oníṣòó tó ki ìwé ìròyìn bọ̀ níwájú kó má baà bọ́. Ó ká apá aṣọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Bí mo ṣe rí i nínú aṣọ ọ̀rẹ́ mi báyìí, ọkàn mi bà jẹ́.

Yìnyín ti ń já bọ́ láti òru. Ó wà lórí gbogbo agbọ̀n tí a kọjá, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ti kìn-ín-ní, ti kejì, títí dé ti kẹfà. Sirkka di apá mi mú. A dé ti keje. Kò sí yìnyín lórí rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó gbẹ fúrúfúrú.

Mo rò pé ìbọ̀wọ́ Taisto ló padà. Òun kọ́. Ìbọ̀wọ́ kékeré kan ni, ti obìnrin. Ẹni tó hun ún ò mọ ọn hun. Ó fẹ̀ níhìn-ín, ó fún lọ́hùn-ún, ibi àtàǹpàkò wọ́. Òwú aláwọ̀ eérú ni. Búlúù rẹ̀ fọ́n káàkiri, bíi pé onítọ̀hún kò mọ ibi tó yẹ kó fi í sí.

Sirkka mú un. Ó fìka tọ òwú náà láti ibì kan dé ibì kan.

"Òwú mi ni. Ó tú ìbọ̀wọ́ tiẹ̀ fi hun èyí."

Mo ní ta ló tú u. Ó ní Taisto ò di abẹ́rẹ́ mú rí láyé rẹ̀, bí bọ́tìnnì bá já, òun lòun ń bá a gán an.

Ó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ náà. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ó na ọwọ́ náà sí mi, mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ yí agbọ̀n ká. Ipa ẹsẹ̀ àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo ní ká máa lọ. Sirkka ò mira. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tújú ká, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà.

"Ká ní òtútù ń mú un ni," ló wí, "kò ní tú tiẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

"Èmi ni ọkọ mi rí pé òtútù ń mú, ẹ̀gbọ́n. Èmi ló ń wò."

Láti ìgbà náà, mo ti mú ìbọ̀wọ́ yẹn fún gbogbo ẹni tó ń hun nǹkan nílùú yìí wò. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Mi ò mọ ibi tó ti rí abẹ́rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí a ti igbó dé, Sirkka fọwọ́ ara rẹ̀ tan ẹ̀rọ, ó wọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì da bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bora. Mo jókòó sí kíṣìnì títí mo fi gbọ́ tó ń hanrun. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó sunkún ọ̀rẹ́ mi.