Orin Láti Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Irin

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi irin ṣe ilẹ̀kùn. Wẹ́dà ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Atìpa, nítorí pé ilẹ̀kùn tí ó bá tì, ó tì pa nìyẹn. Kì í mutí, kì í lu ìyàwó rẹ̀, kì í sì í jalè. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kò hàn sójú bẹ́ẹ̀: kò gbà pé ẹnikẹ́ni wà tí ó yẹ kí òun fi ògo fún.

Bí ènìyàn bá sọ pé, "Ọlọ́run mà fún yín lọ́gbọ́n o," yóò na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde. "Àwọn tó ṣe é nìyí. Àwọn ni kó o kí."

Ìyá rẹ̀ arúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ń retí, èyí tí ọmọdé pàápàá mọ̀: a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n "Mo jí, Màmá" ni ọmọ rẹ̀ máa ń sọ, yóò sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́. Ogún ọdún ni ìyá yìí fi retí ọ̀rọ̀ kan.

Bíríkìlà kan, tí òun àti Atìpa jọ dàgbà, ń mọ ògiri lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Onígbàgbọ́ ni. Bí ó ti ń to búlọ́ọ̀kù ni ó ń kọrin ìyìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Atìpa jáde sí i.

"Ṣé orin yẹn ló ń to búlọ́ọ̀kù ni?"

"Rárá o. Ẹni tó fún mi lọ́wọ́ tí mo fi ń tò ó ni mò ń kọ ọ́ fún."

Atìpa na ọwọ́ tirẹ̀ jáde bí ìṣe rẹ̀. "Tèmi nìyí. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Bíríkìlà wo ọwọ́ náà. "Jésù náà na ọwọ́ méjèèjì báyìí. Irin ni wọ́n fi kàn án mọ́gi, nítorí tìẹ."

"Jọ̀ọ́, gbé ìwàásù ẹ lọ sí ìkángun ọ̀hún. Ohùn bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa, ó ń dí mi lọ́wọ́."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìkángun kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Atìpa gbé omi wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ bá ọmọ wọn tó bímọ. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti lọ gbé géètì ró fún oníbàárà. Olè ti wọ yàrá yẹn rí, nítorí náà ni Atìpa ṣe fi ilẹ̀kùn tó nípọn jù lọ sí i, tí ó sì fi irin pẹlẹbẹ bo fèrèsé rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́. Ilẹ̀kùn pa dé, ó sì tì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é ti fẹ́ kó máa ṣe.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó fi bọ ihò rẹ̀, ó yí i. Kọ́kọ́rọ́ náà kán.

Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì ìdí iṣẹ́. Oògùn ọkàn tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ní agogo méjì wà ní pálọ̀.

Ó gbé àga onírin, ó fi lu ilẹ̀kùn. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Àwọn ènìyàn ń kọjá lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dúró. Lílu irin àti igbe mọ́ ọmọọṣẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ nílé yẹn lójoojúmọ́. Ó tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ orin bíríkìlà, kò gbọ́ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ti lé e jìnnà.

Oòrùn ń ta sórí páànù. Agogo méjì kọjá. Èémí ìyá rẹ̀ ti ń já.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo tì yín mọ́bí."

"O ti ara rẹ náà mọ́bí," ni ìyá wí. "Ó sì ti pẹ́ tó o ti wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn wẹ́lẹ́ kọrin ọpẹ́.

"Kí lẹ ń dúpẹ́ fún, Màmá? Nínú ibí?"

"Ṣé ilẹ̀kùn rẹ ló máa ní kí Ọlọ́run má jẹ́ Ọlọ́run mọ́? Ògo rẹ̀ kún inú ibí. Ìwọ nìkan ni o kò fún un láyè."

Atìpa wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ tó ṣe ilẹ̀kùn náà ni, kò sì lè ṣí i. Ó rántí ọwọ́ Jésù, èyí tí wọ́n fi irin kàn mọ́gi. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Jésù, mo ti jí ògo rẹ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Dárí jì mí. Bí a jáde, bí a ò jáde, tìrẹ ni ògo."

Ìyá rẹ̀ la ojú. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ó bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Màmá."

Nígbà tí èémí ìyá kò gbé orin náà mọ́, ọmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sókè.

Bíríkìlà ń bọ̀ wá pọn omi nílé wọn. Ariwo irin kò lè dá a dúró, kì í ṣe tuntun nílé yẹn. Ṣùgbọ́n orin ìyìn? Ó sọ korobá sílẹ̀.

"Ta ló ń kọrin níbẹ̀yẹn?"

"Ewúrẹ́ kejì ni," ni Atìpa dáhùn. "Gbà wá. Màmá ń lọ."

Bíríkìlà ti ilẹ̀kùn, kò mì. Ó mú òòlù, ó sì fọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá gbà jáde sídìí oògùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì dúró ní títì, bí wọ́n ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdún náà kò parí tí ìyá fi sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ títí di ọjọ́ náà ni ó ń béèrè, tí ó sì ń gbọ́ ìdáhùn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ lè ti tì ọ́ mọ́lé, kí o máa pè é ní ààbò. Má ṣe dúró di ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá kán. Má sì sọ pé ó di ọ̀la. Èmi náà ti fi ọ̀la dá ẹnì kan lóhùn rí. Ọ̀la dé, kò bá a láyé.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ ògo tí o jí. Kristi ti na ọwọ́ rẹ̀ sí ọ.

Ọlọ́run ni ó jí ọ ní òwúrọ̀ yìí. Kí ni o fi dá a lóhùn?