Àwọn Àlejò Bàbá Tún-un-sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá jókòó tì mí. Ìwọ tó fara ti ògiri yẹn, sún mọ́bí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì bù kúrò níbẹ̀.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tún-un-sọ. Òun ló kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ èdè wọn jọ láti fi ṣe ìwé atúmọ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu rẹ, o wọ gàù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Wọ́n ní bí ajá bá gbó, á ní kí ajá náà tún un gbó! Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa o. Ẹ̀rín ò ní pẹ́ tán.

Pélébé ìwé kan ni fún ọ̀rọ̀ kan, inú àpótí ló ń kó wọn sí. Ó sì máa ń ṣèlérí fún ẹni tó fún un lọ́rọ̀: "Ẹ ó padà wá gbọ́ bí mo ṣe kọ ọ́, kí n tó tẹ̀ ẹ́." Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń kú. Òun náà kú. Ìlérí wà nílẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún àpótí. Opó ni, òun àti ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó ku ọ̀la kó gbé àpótí náà fún atẹ̀wé, ó tẹ́ ọmọ sùn, ó ń to pélébé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa ni. Bàbá rẹ ní ká padà wá."

Ó ṣí i. Àwọn arúgbó ni, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Ó mọ bàbá tó ṣíwájú. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá náà. Wọ́n wọlé, ẹsẹ̀ wọn ò dún. Òórùn erùpẹ̀ tútù bá wọn wọlé.

"Kà á," bàbá náà wí.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kó kọ̀. Ó mú pélébé kan. "Àtùpà."

"Tún un sọ."

"Àtùpà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé ó tọ́. Obìnrin yìí na ọwọ́ sí iná orí tábìlì. Ó mọ̀ pé ó ń tànmọ́lẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè é? Ó wá a, wá a. Kò rí i.

"Ó rẹ̀ mí ni," ó sọ lábẹ́lẹ̀. Ó ka "ilẹ̀kùn." Ó tún un sọ. Ìyá kan mi orí. Ó fẹ́ ní kí wọ́n jáde, ó wo pákó tí wọ́n gbà wọlé, orúkọ rẹ̀ ti lọ.

Ó yé e wàyí. Ó ń kà, ẹnu rẹ̀ ń ṣófo. Nígbà tó kan pélébé kan, ó yára fi í sábẹ́ àwọn yòókù.

"O fo ọ̀kan," ìyá arúgbó tó wà ní igun wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Tèmi lo fò. Ṣé torí n kì í pariwo ni?"

Ọmọ wúkọ́ nínú yàrá. Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò burú," ìyá náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹnu tuntun wà nínú ilé. A ó lọ gbọ́ tirẹ̀."

"Ẹ má wọbẹ̀!" Ó fara dí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ mélòó lọmọ náà ní tí wọ́n fẹ́ gbà? Abiyamọ ni, ẹ̀yin tèmi. Ó fa pélébé náà yọ.

"Ọmọ," ó kà. Ó tún un sọ.

Ilẹ̀ ń mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò rere, wọ́n ń jáde. Ìyá arúgbó náà ló kẹ́yìn.

Nǹkan kékeré kan sáré jáde láti inú yàrá, ó dì mọ́ obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná. Ó ń sunkún. Obìnrin náà gbé e mọ́ra. Ó lè kú nítorí rẹ̀, ìyẹn dá a lójú. Ṣùgbọ́n ó wò ó títí, kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú rẹ̀.

Níta, ìyá arúgbó náà ń lọ, ó ń pe ọ̀rọ̀ kan léraléra, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹni sùn. Obìnrin náà ń gbọ́ ọ ketekete. Kò yé e.