Ẹni Tó Ń Wọn Orí Alààyè

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni bíríkìlà kan fi ṣàìsàn tó fi kú. Ọkùnrin tó ń sáré gun àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ á ta gìrì. Wọ́n sin ín tán, ẹnu ò sìn lára ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀sìbítù nìyàwó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lẹ wáyà mọ́ orí aláìsàn kí ẹ̀rọ lè ya iṣẹ́ ọpọlọ wọn sórí bébà. Nígbà àìsàn náà, òun náà ló fi téèpù wọn orí ọkọ rẹ̀, tó fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí wáyà máa wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Èmi tí mo ń fi téèpù jẹun," ni télọ̀ wí lójú ẹbí, "èjìká ni mò ń wọn, ìbàdí ni mò ń wọn. Ta ló ń wọn orí alààyè, bí ò bá ṣe ẹni tó fẹ́ kàn án ní pósí? Wáyà yẹn ló fi fa ọpọlọ àbúrò mi mu. Ẹyẹ dúdú kan bà lójú fèrèsé, mo rí i."

"Àǹtí, ẹ̀rọ yẹn ò fa nǹkan kan. Ohun tó bá níbẹ̀ ló ń kọ."

"Àjẹ́ tó kàwé ni ẹ́."

Ẹbí gba ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó bí lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀. Bó bá lọ wò ó, wọ́n á ní ọmọ ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó ń gbóhùn rẹ̀ nínú yàrá ìránṣọ. Kò bá wọn jà. Ó ti bébà tí ẹ̀rọ ya fún ọkọ rẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá ní òun ò ní í gbẹ̀san irú èyí, irọ́ ló ń pa.

Lọ́dún kejì, télọ̀ rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Àwọn oníbàárà fi rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tóun náà fi ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó ló dì í mú wọ ọ̀sìbítù, ọmọ bíríkìlà gbé báàgì tẹ̀lé wọn.

Ìyàwó bíríkìlà mú téèpù. "Àǹtí, ẹ jókòó dáadáa. Mo fẹ́ wọn orí yín."

Télọ̀ fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e.

Ó lẹ wáyà tán, bébà ń jáde. Ìlà ṣóńṣó kan, àlàfo, ìlà ṣóńṣó mìíràn, bí aago. Obìnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ bébà ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò yàtọ̀ síra rárá. Dókítà wo méjèèjì, ó kọjú sí àgbàlagbà tó mú télọ̀ wá.

"Bàbá tó bí wọn ńkọ́? Báwo ló ṣe kú?"

Bàbá wolẹ̀. "Báyìí náà ni. A ò sọ ọ́ síta, kí wọ́n má baà kọ̀ láti fẹ́ àwọn ọmọ wa."

"Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ló wà," ni dókítà wí. "Ọmọ lè jogún rẹ̀ lára òbí. Kò lóògùn."

Inú obìnrin náà dùn, kí n má purọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí télọ̀.

"Ẹ gbọ́ àbí? Kì í ṣe èmi. Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń pa yín, ẹ ò sì ríbi sá sí. Gbogbo ẹni tí bàbá yín bí, àti ẹni táwọn yẹn bí..."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Màámi, èmi náà ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ló wí fún àgbàlagbà náà, "ì bá jẹ́ pé èmi ni àjẹ́ yẹn lóòótọ́, ì bá dáa. Ẹ̀ bá lè bẹ̀ mí."