Wáyà Tín-ín-rín Inú Búùtù

Ní òwúrọ̀ kẹta tí takisí rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, Àyìndé kò wulẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé wọn ní Alajo, nílùú Accra ní Ghana, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù Kwabena rewáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ta ló mọ inú ọkọ̀ yìí ju ẹni tó tú u lọ?" ló bi ìyàwó rẹ̀, Àgbékẹ́.

Fàdílátù, ọmọ wọn ọdún mẹ́rìndínlógún, ń gbálẹ̀ nítòsí. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Kwabena ló so ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára, mọ́ inú búùtù ọkọ̀ náà lóṣù tó kọjá. Fàdílátù jókòó tì í títí ó fi parí, nítorí ó fẹ́ràn iṣẹ́ iná. Kwabena, tó ti ń gbọ́ Yorùbá láti kékeré ládùúgbò wọn, fi wáyà búlúù tín-ín-rín kan hàn án. Ó ní wáyà náà ló ń jí ẹ̀rọ bí rédíò bá tàn, òun náà ló sì ń mú un sùn bí rédíò bá kú. Ó tún fọwọ́ kan fíùsì. "Èyí ló ń jó kí ọkọ̀ má baà jóná," ó wí. "Bó bá jó, wá ìdí rẹ̀, kí o sì fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀."

Ní Sátidé tó kọjá, Sherifa, ọ̀rẹ́ Fàdílátù, àtàwọn ọmọ kíláàsì wọn wá kí i. Sherifa ní ọ̀ṣọ́ lásán ni ẹ̀rọ bàbá Fàdílátù. Àyìndé ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi ìrun, ṣùgbọ́n búùtù kì í tì dáadáa. Fàdílátù so wáyà búlúù mọ́ èyí tó ń gbé iná bọ̀ tààrà láti inú bátìrì, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì yí ohùn rẹ̀ dópin. Láìpẹ́, orin dákẹ́. Fíùsì ti jó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ló bá fi bébà fàdákà ara ṣíńgọ́ọ̀mù we fíùsì náà, orin sì tún dún. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀ lókèèrè, ó fa fóònù yọ, ó dá okùn rédíò padà, ó pa búùtù dé. Kò rántí tú wáyà búlúù, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sùn mọ́.

Àyìndé rò pé Kwabena ń fi bátìrì ògbólógbòó pààrọ̀ tòun. Ó gba iná sí bátìrì rẹ̀, ó sì fi ìṣó sàmì sí i lára lálẹ́. Nígbà tó jí, àmì wà níbẹ̀, bátìrì sì ti kú. Ìyẹn kò dá Kwabena láre lójú rẹ̀. Ó ní ṣe ni Kwabena ń fa iná inú rẹ̀. Ó sọ fún àwọn awakọ̀ méjì tó ń wa trotro, bọ́ọ̀sì akérò, àwọn náà sì gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ rewáyà mìíràn. Kwabena kí i, Àyìndé gbójú kúrò. Ó bi Fàdílátù bóyá ó rí ẹnikẹ́ni nídìí búùtù.

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá."



Ní Ọjọ́bọ̀, Àyìndé tún gba iná sí bátìrì. Àgbékẹ́ to páálí ọṣẹ tó fẹ́ lọ tà ní ọjà Madina sínú búùtù. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́, rédíò tàn, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí rú lẹ́yìn. Àyìndé sáré gbé garawa omi.

"Ẹ má da omi sí i!" Kwabena ti sọdá. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú okùn bátìrì, ó sì bu yanrìn sórí iná. Nígbà tí wọ́n kó ọṣẹ tó ti yọ́ kúrò, ó fa bébà fàdákà kan jáde lára ẹ̀rọ tó ti dúdú.

"Ìwọ lo fi síbẹ̀," Àyìndé wí fún un.

Kwabena wo bébà náà, ó wo Fàdílátù.

"Bàbá, èmi ni," Fàdílátù wí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti wáyà àti fíùsì.

Àyìndé kò nà án. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kwabena, lẹ́yìn náà ó mú Fàdílátù lọ bá àwọn awakọ̀ méjèèjì, ó sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀kan padà sọ́dọ̀ Kwabena. Èkejì ní ọ̀dọ̀ rewáyà tuntun ti mọ́ òun lára.

Lójú ọ̀nà ilé, Fàdílátù ń sunkún. Bàbá rẹ̀ ní, "Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n mo fi í fún ẹni tí kò ṣàìsàn."

Fàdílátù mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti bàbá òun nìkan. Wọ́n fi fíùsì síbẹ̀ láti dáàbò bo ènìyàn. Ẹni tó bá dí i nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ń fẹ̀mí wewu. Ẹni tó bá sì mọ òtítọ́ tó dákẹ́, tí wọ́n ń fura sí aláìṣẹ̀, òun náà ti bá wọn parọ́ mọ́ ọn.